Omi Tó Kù Nísàlẹ̀ Ìgò

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni òórùn náà lù mí. Mo jókòó sí kíṣìnnì, ẹsẹ̀ òsì mi tí wọ́n fi P.O.P. dì wà lórí àga kejì bí igi tí wọ́n gbé sílẹ̀, mo ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ìgò tí mo ti ń mú ẹ̀wà hù láti fi ṣe oúnjẹ, mo gbé imú sún mọ́ ọn, torí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé tó bá dáa, òórùn ẹ̀ máa dà bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, koríko kọ́ o. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú bàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wá gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òun gan-an ni. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ̀wà náà ń yọ̀, nǹkan kan sì ń fà tẹ̀ lé ìka mi bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Inú garawa ìdọ̀tí ni gbogbo ẹ̀ lọ, mo sì ṣí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara mi ni, kì í ṣe ìtàn akọni kankan, ìbọ̀sẹ̀ ni mo wọ̀, ilẹ̀ ń dán, mo sì ń wo fóònù. Dókítà ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Èmi tí mi ò lè wo bọ́ọ̀lù tán kí n má dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá wò mí, wọ́n gbé páálí kékeré kan dání, ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò méjì ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà, àti oríṣi hóró mẹ́ta nínú ọ̀rá. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń pa gbogbo òdòdó tí wọ́n bá fún ẹ, èyí ò fẹ́ yẹ̀pẹ̀, kò fẹ́ oòrùn, omi nìkan ló fẹ́. Tó o bá tún pa èyí, á jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ló níṣòro."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀ torí òótọ́ ni. Mo ti pa cactus rí, cactus tó jẹ́ pé inú aginjù ló ti wá, tí ojú ẹ̀ ti rí ọ̀dá. Ẹ máa rántí cactus yẹn, torí nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé òùngbẹ kọ́ ló pa á.

Nǹkan tí à ń sọ yìí, èéhù ni mo máa pè é, ẹ lè pè é ní sprouts, ọ̀kan náà ni. Hóró tí èèyàn rẹ sómi, tó jẹ́ kó hù, tó wá jẹ ẹ́ kó tó di ewéko gidi. Mung beans ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé yẹn, àmọ́ lentil wà níbẹ̀, alfalfa, radish, broccoli, fenugreek, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, kò sí ìgbà òjò kò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí tèmi bàjẹ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán wọ́n ti bi mí pé, "Báwo lo ṣe da omi ẹ̀ nù?" Mo ní mo dà á nù dáadáa mà. Wọ́n ní, "Dáadáa bíi báwo?" Mo ní mo dorí ìgò kodò, omi dà jáde, mo sì gbé ìgò padà sílẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹ̀gbọ́n máa ń rín tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa já sí. Wọ́n ní, "Omi tó dà jáde kọ́ ni mo ń bi ẹ́. Èyí tó kù ni."

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, àmọ́ kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ wá wo ìgò mi àkọ́kọ́ ná. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé hóró tó ń hù ń mí. Tó bá gbẹ, ìmí ẹ̀ kéré débi pé ẹ lè fi í sínú ọ̀rá fún ọdún méjì kó má ṣe bí ẹni tó wà láàyè, àmọ́ tí omi bá ti wọ inú ẹ̀ báyìí, ó jí nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá bí ẹni tó sáré gun òkè, oxygen ló sì ń wá. Tí omi bá wá dúró nísàlẹ̀ ìgò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn rì nìyẹn. Wọ́n á kú, wọ́n á máa jẹrà, àwọn tó wà lókè á sì máa gbé orí òkú. Ohun tó pa cactus mi náà nìyẹn. Èmi tún wá fi tèmi kún un, mo da ẹ̀wà dé ìdajì ìgò torí mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló máa ṣe dáa tó, mi ò mọ̀ pé mung beans máa wú, á tún yọ gbòǹgbò, á sì gba ìlọ́po mélòó kan ibi tó gbà tẹ́lẹ̀. Ìgò kún dẹ́nu, kò sí àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́rin ife ti tó fún ìgò lítà kan. Alfalfa kéré jùyẹn lọ, ṣíbí ìjẹun méjì péré, á sì kún ìgò náà fọ́fọ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ò ní wàhálà. Lálẹ́, mo ṣa òkúta àti hóró tó ti là kúrò, mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi tó pọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Tílẹ̀ bá mọ́ mo da omi nù, mo fi omi mìíràn ṣàn án, mo tún dà á nù, mo wá dojú ìgò dé sínú abọ́ kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kó má dé ilẹ̀ tán kó má sì dúró gangan, kí omi lè máa kán kí afẹ́fẹ́ sì lè máa wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń ṣàn án bẹ́ẹ̀. Ó tán.

Kò tán ṣá, torí inú dídà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Mo máa ń dúró tì í. Mo ti kọ́ láti máa fetí sí i: tó o bá kọ́kọ́ dorí ìgò kodò, omi á dà gbàà, wàá rò pé ó ti tán, kò tíì tán. Á wá máa kán, tó-tó-tó, lẹ́yìn náà, tó... tó..., tó bá dákẹ́, gbọn ìgò náà díẹ̀, wàá rí i pé ó tún kù. Omi máa ń fara pamọ́ sí àárín àwọn hóró bí owó tó há sí ìsàlẹ̀ àpò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin ni mo fi ń ṣe èyí, nígbà tí mo sì wà lórí àga tí ẹsẹ̀ mi wà lókè, mo láyè ẹ̀ dáadáa, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?

Èyí tí mo ṣe tẹ̀ lé e, lentil ni, ṣíbí mẹ́ta. Mo rẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Oorun ò tètè ń kùn mí nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ń yún mi nínú P.O.P. níbi tí ọwọ́ ò lè dé (ẹni tí wọ́n bá ti dì í rí á mọ irú ìyà tí mò ń sọ), mo wá ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, èèpo ẹ̀ ló kọ́kọ́ mu omi, inú ò tíì mu, èèpo wá tóbi ju ara lọ, gbogbo lentil hunjọ bí ìka ẹni tó pẹ́ nínú omi ìwẹ̀. Mo rò pé mo tún ti bà á jẹ́. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta òru, inú ti wú bá èèpo, ara wọn ti jọ̀lọ̀ padà, wọ́n sì ti sanra. Ṣé ẹ mọ ohun tó ya mí lẹ́nu? Wíwú yẹn kì í ṣe àmì ìyè rárá. Hóró tó ti kú máa ń mu omi wú bíi ti alààyè, bí kànrìnkàn ṣe ń mu omi ni. Ọjọ́ kejì lẹ máa tó mọ ẹni tó wà láàyè nínú wọn.

Lọ́jọ́ kejì náà, ní ìrọ̀lẹ́, ẹyọ kan yọ nǹkan funfun ṣóńṣó kan láti ẹ̀gbẹ́, kò gùn ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Gbòǹgbò ni. Gbòǹgbò ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, ewé ń bọ̀ lẹ́yìn, omi ló kọ́kọ́ ń wá kó tó máa ronú oòrùn. Mo wo inú ìgò yíká, mo rí òmíràn, mo tún rí òmíràn, nígbà tí mo máa fi jẹun alẹ́ tán gbogbo wọn ti ń nawọ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ bímọ. Wọ́n dá mi lóhùn pé, "O da omi ẹ̀?"

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú hóró yẹn, mo lọ kà á, mi ò kúkú ní iṣẹ́ mìíràn. Hóró kọ̀ọ̀kan ní ọlẹ̀ kan nínú, ó sì ní oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ dì fún un, sítáàṣì, purotéènì, òróró, gbogbo ẹ̀ wà ní títì pa. Ọlẹ̀ ò lè jẹ sítáàṣì bẹ́ẹ̀, sítáàṣì ti tóbi jù fún un. Tí omi bá ti wọlé, àwọn ẹ́ńsáìmù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á máa gé oúnjẹ yẹn wẹ́wẹ́. Nínú àwọn ọkà bíi barley ni wọ́n ti rí i kedere jù: ọlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí ìpele kan tó wà lábẹ́ èèpo pé ẹ wá gé sítáàṣì di ṣúgà fún mi. Iṣẹ́ tó ń rán yẹn, gibberellin lorúkọ ẹ̀, orí ìrẹsì tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i, ìrẹsì tó kàn ń ga gàgàrà títí á fi ṣubú, ọmọ Jàpáànù kan tó ń jẹ́ Eiichi Kurosawa ló fi hàn ní 1926 pé olú tó wọ inú ẹ̀ ló ń tú nǹkan kan sílẹ̀ tó ń mú un ga bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí èéhù fi máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu, tí ẹ̀wà gbígbẹ ò sì dùn. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìgò tó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa rí i pé àárín ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mímí yẹn ló ń mú ooru wá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e, mo yọwọ́ kíá, mo rò pé ó tún ti ń bàjẹ́.

Àwọn kan wà tí kì í mu omi rárá o, ẹ rẹ wọ́n di ọ̀la, wọ́n le koko bí òkúta. Ẹ ṣà wọ́n kúrò. Èmi ò ṣà wọ́n, eyín mi ló rí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ n tún jẹ́wọ́ òmíràn, ti radish. Ọjọ́ kẹta, mo gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀, mo rí nǹkan funfun rínrìn tó bo ìdí gbogbo wọn bí òwú. Mo ní áà, ó ti bu. Mo dà á nù, inú bí mi, mo sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè lójú ẹsẹ̀, "Ṣé o fi omi ṣàn án kó o tó dà á nù?" Rárá mà. "Irun gbòǹgbò nìyẹn, kò bu!" Gbòǹgbò radish àti ti broccoli máa ń hu irun tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wá omi, pàápàá tó bá ti pẹ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣàn wọ́n kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá da omi sí i, irun yẹn á lẹ̀ mọ́ ara gbòǹgbò, ẹ ò ní rí i mọ́. Èyí tó bu lóòótọ́ kì í lọ tẹ́ ẹ bá ṣàn án, á ta okùn láti orí hóró kan sí òmíràn bí aláǹtakùn, kì í yan gbòǹgbò nìkan, á sì máa rùn. Radish tó dáa ni mo kó dà sí ìdọ̀tí. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ó wá ku apá tí mo máa ń bá àwọn èèyàn jà sí. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé èyí téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nílé ò lè ní kòkòrò àrùn nínú, ọwọ́ mi mọ́, ìgò mi mọ́, kí ló máa wá ṣe mí tí mo bá jẹ ẹ́ ní tútù? Ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Inú hóró ni ìṣòro ti ń bá wa wálé. Oko ni hóró ti wá, ìgbẹ́ ẹran lè kàn án, bakitéríà lè fara pamọ́ sínú ibi tó ti sán lára èèpo, kó wà níbẹ̀ pẹ́kẹ́ fún oṣù mélòó kan, tí omi ṣíṣàn ò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Kó o wá mú un wọnú ìgò tó rin, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oúnjẹ ń ṣàn jáde lára hóró, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun kan náà tí èéhù fẹ́ ni bakitéríà fẹ́. Kì í sì í rùn o. Ìgò tó ń rùn, ẹ máa dà á nù. Èyí tí ò rùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ní 2011, ní Jámánì, láti oṣù karùn-ún lọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àwọn mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli ni, irú kan tó le gan-an. Kùkúmbà láti Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí, àwọn àgbẹ̀ tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ń da irè oko wọn nù, ìgbà tó yá ló hàn pé èéhù ni, èéhù fenugreek tí hóró ẹ̀ wá láti Íjíbítì. Ó lé ní 3,800 èèyàn tó ṣàìsàn ní Jámánì nìkan, àwọn tó kú lé ní 50. Àmọ́ èyí tó mú mi dákẹ́ nínú ìtàn náà ni ti ilẹ̀ Faransé. Lẹ́bàá Bordeaux, nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn èèyàn ṣàìsàn kan náà lẹ́yìn ayẹyẹ kan níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣeré, ẹni tó ṣètò ayẹyẹ náà ló ra hóró, òun ló sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú un hù. Bíi tèmi, bíi tiyín. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá, èèyàn kan pẹ̀lú hóró díẹ̀ ni.

Torí náà èmi máa ń sè é. Mi ò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí, àgbà ni gbogbo wa, àmọ́ tèmi máa ń wọnú omi tó ń hó tàbí inú páànù gbígbóná títí á fi gbóná dénú tó ń rú èéfín. Ó máa ń dín ṣíṣe kẹ́kẹ́ ẹ̀ lẹ́nu kù, òótọ́ ni. Màmá wa ti kọjá àádọ́rin ọdún, mi ò jẹ́ fún wọn ní tútù láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ni aláboyún, ọmọ kékeré, àti ẹni tí ara ẹ̀ ò lágbára láti bá àrùn jà. Wàá rí àwọn tó máa sọ pé àwọn tó ń tà á máa ń fi kẹ́míkà fọ hóró, lóòótọ́ wọ́n ń ṣe é, ní 1999 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà wọ́n nímọ̀ràn ẹ̀, àmọ́ èyí kì í pa gbogbo ẹ̀ tán, kì í sì í ṣe nǹkan tí mo fẹ́ máa pò ní kíṣìnnì.

Kì í sì í ṣe gbogbo hóró lèèyàn ń mú hù jẹ o. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans ní májèlé kan nínú tí híhù ò ní mú kúrò, ẹyọ mẹ́rin márùn-ún ní tútù lè mú kéèyàn máa bì bí ẹni tí wọ́n gé nífun, àfi kí wọ́n sè é nínú omi tó ń hó gan-an fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èéhù ọkà bàbà ní májèlé cyanide. Ẹ fi ti tòmátò sílẹ̀. Alfalfa ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní canavanine tí kò bá ẹni tó ní àìsàn lupus, èyí tí ara ti ń bá ara ẹ̀ jà, lára mu. Hóró tí wọ́n sì ti pa láró fún gbígbìn, tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ ewé lára, oògùn apakòkòrò ló wà lára ẹ̀, kò yẹ kó tiẹ̀ wọ kíṣìnnì. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé fún jíjẹ tàbí fún èéhù ni kẹ́ ẹ wá.

Ti àǹfààní ara ńkọ́? Ó ní in, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra. Hóró gbígbẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fítámìnì C kankan, tó bá hù tán ó ti ní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí scurvy, àìsàn tí àìrí fítámìnì C jẹ ń fà, ń jẹ eyín àwọn ọmọ ogun lẹ́nu, Harriette Chick àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lister Institute ní London fi hàn pé ẹ̀wà tí wọ́n rẹ tí wọ́n mú hù lè dènà ẹ̀, níbi tí èso ò ti sí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, àpò ẹ̀wà gbígbẹ tí kò lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, omi nìkan ló kù kó di ẹ̀fọ́. Ti broccoli náà, lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Paul Talalay àti Jed Fahey, kọ̀wé pé èéhù broccoli ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún nǹkan kan tí ara ń sọ di sulforaphane, èròjà tí wọ́n ń ṣèwádìí bóyá ó lè dènà àrùn jẹjẹrẹ, ju broccoli tó ti dàgbà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọlọ́jà ò ti jẹ́ ká sinmi, gbogbo àrùn ni wọ́n ní ó ń wò. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi tó kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí dókítà sọ náà ló lò, èéhù ò dín ọjọ́ kan kù níbẹ̀.

Ohun tó gba ọkàn mi jù ni ti mung beans tó sanra. Ẹ mọ èyí tí wọ́n ń tà, tó funfun báláú, tó nípọn, tó gún, tó ń ṣẹ́ pàkà? Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi tínrín bí okùn, ó lọ́ mọ́ra wọn, orí ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì korò díẹ̀. Mo rò pé hóró ló yàtọ̀. Hóró kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni, àti pé ìgbésí ayé ti rọrùn fún wọn jù nínú ìgò mi. Ìmọ́lẹ̀ ló sọ orí ẹ̀ di àwọ̀ ewé, ìyẹn yé mi, mo gbé e sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n sísanra ńkọ́? Èsì ẹ̀ ni pé kéèyàn gbé ẹrù lé wọn lórí.

Mo rò pé àwàdà ni, títí mo fi ka ìtàn kan. Ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ní 1901, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Dimitry Neljubow ń hu ẹ̀wà pea nínú òkùnkùn nínú yàrá ìwádìí, ẹ̀wà náà ò ga sókè, kúkúrú ló ń hù, ó nípọn, ó ń dùbúlẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ dáa, á dìde gangan. Ó wá a títí ó fi rí i pé gáàsì iná tí wọ́n fi ń tan fìtílà nínú ilé náà ló ń jò, ethylene tó wà nínú gáàsì yẹn ló sì ń ṣe é. Ethylene kan náà yìí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń pọ́n. Ewéko fúnra ẹ̀ náà máa ń ṣe é, pàápàá nígbà tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: á rò pé ilẹ̀ líle ló wà lórí òun, á dẹwọ́ gígùn, á wá sanra kó lè ní agbára tó máa fi ti ilẹ̀ yẹn. Ẹrù tá a gbé lé e lórí, irọ́ tá à ń pa fún un nìyẹn.

Mo wá asẹ́ oníke kan, mo tẹ́ aṣọ tútù sínú ẹ̀, mo da ẹ̀wà tí mo ti rẹ sí i, mo fi aṣọ tútù bò ó, mo dojú àwo kan dé e, mo sì gbé ìgò lítà méjì tó kún fún omi lé àwo náà lórí. Gbogbo ẹ̀ wọnú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń fi igi tí mo fi ń rìn rọra wọ́ lọ síbẹ̀, mo ń da omi sí i láti òkè láìgbé ìgò náà kúrò, asẹ́ sì ń jẹ́ kí gbogbo omi dà, kò sí ìsàlẹ̀ tí omi lè dúró sí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìgò omi yẹn ti ga sókè. Kò hàn sí mi dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ojú mi ni, mo wá fi bírò sàmì sí ara kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí orí ìgò dé. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́ ó ti kọjá àmì yẹn pẹ̀lú ìbú ìka kan. Ẹ̀wà ló ń gbé lítà méjì omi sókè nínú òkùnkùn, tí ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n dúró gbọnyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irun búrọ́ọ̀ṣì, funfun gbòò, mo fa ẹyọ kan, mo ṣẹ́ ẹ, ó ró pàkà. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mo pariwo.

Wọ́n ti tú P.O.P. kúrò báyìí, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì láyè láti máa fetí sí omi tó ń kán bíi tìgbà yẹn. Mo dín in kù sí ìgò kan lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó bá hù tán, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó wọ fíríìjì, wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà tí mo ṣàn án kẹ́yìn, torí èyí tó bá wọlé tí omi ṣì wà lára ẹ̀ á yọ̀ kó tó dọ̀la. Kì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lọ́dọ̀ mi. Ìgbà míì mo máa ń gbàgbé àárọ̀ kan, ó máa ń hàn lára wọn, mo sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgò bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi pè, ohùn wọn ò jọ ti ojoojúmọ́. Wọ́n ní lentil tí àwọn ṣe ń rùn, pé bóyá hóró tí àwọn rà lọ́tẹ̀ yìí ò dáa, pé ayé ti bàjẹ́, kò sí ọlọ́jà gidi mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, báwo lẹ ṣe da omi ẹ̀ nù?"

Fóònù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ń kánjú ni."